Sítíkà Pupa Lórí Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn jìyà. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ kan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí mo fi ń jí pẹ̀lú ojú rẹ̀ lọ́kàn mi: ojú ẹ̀rín tó fi sínú fídíò, awò ojú ńlá, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, màá bú u, màá tu omi dànù. Mi ò tí ì fojú kàn án rí nígbà yẹn o. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé lọ́jọ́ tí mo bá rí i, yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Màmá mi ń ṣe gààrí ní Àtàn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lè di ọ̀bẹ mú. Obìnrin márùn-ún ló ń lo àgọ́ kan náà lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Láàárọ̀, àwọn márààrún á jókòó sórí àpótí yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ó di ìgbà tí oòrùn bá kanrí kí wọ́n tó nàró. Ẹ̀rọ wà tó ń rin ẹ̀gẹ́, irin wà tí wọ́n fi ń tẹ omi rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ọ̀bẹ ni wọ́n ṣì fi ń bó o. Ọwọ́ òsì màmá mi kún fún àpá, ọ̀kan lórí èkejì. Àtàǹpàkò wọn ti wú ní oríkèé, débi pé tí òjò bá ń rọ̀, wọn kì í lè ká a. "Ọwọ́ yìí ló rán ẹ níléèwé o," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí tí wọ́n bá ń fi òróró pa á. Wọn ò fi ṣe ìrègún. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Nítorí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe dáwó.

Mò ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ni fídíò ọkùnrin náà yọ lórí fóònù mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kékeré kan tó ní àwọ̀ ìyeyè. Ó da ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, ó bu omi sí i, ó dé e, ó sì ń fi ọwọ́ yí i bí ẹni ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó ṣí i, ẹ̀gẹ́ ti funfun, èèpo ti wà nísàlẹ̀. Kò lo iná mànàmáná, kò lo epo. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo tí òun fọwọ́ ara òun kàn pọ̀ nìyẹn, àti pé tí àwọn èèyàn bá dáwó jọ fún òun, òun á ṣe ọ̀pọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn tó dáwó ni yóò sì kọ́kọ́ gba tiwọn, ní ẹ̀dínwó. Mo wo fídíò náà títí oúnjẹ mi fi tutù.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo ti dáwó rí fún àtùpà kan tó ń fi oòrùn gba agbára, ẹni tó ní èrò náà kò tíì ṣe ju àwòrán rẹ̀ lọ nígbà tó ń tọrọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tó dá ló tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, ó ṣì wà nínú yàrá mi títí di òní. Bí wọ́n bá múná lọ, gbogbo ará ilé ló ń gbé fóònù wá. Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ọjà ni èèyàn ń rà níbẹ̀. Ìlérí ló ń rà, ìlérí sì lè má délé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ pé ẹnì kan tàn mí. Ṣùgbọ́n àtùpà yẹn ti fún mi láyà.

Owó ẹ̀rọ náà ju agbára èmi nìkan lọ, ni mo bá lọ bá àwọn obìnrin inú àgọ́. Mo fi fídíò hàn wọ́n. Wọ́n gbé fóònù mi káàkiri, wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kùn ún. Àlájà, tó dàgbà jù nínú wọn, ló bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ó dáa, àjọ ni. Ta ni alájọ? Ilé ẹ̀ dà?"

"Kò sílé tá a máa lọ, Àlájà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà."

"Orí kí ni? Tó bá wá ń sá fún wa, ẹnu ọ̀nà ta la máa lọ jókòó sí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní tiwọn, ẹni tó bá gba owó ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè kàn. Wọn ì bá má ti dáwó rárá ká ní màmá mi ò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, kí wọ́n sọ pé, "Ẹ dá a. Ọmọ mi ò ní tàn yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí ẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ màmá mi ni wọ́n ṣe fi ọwọ́ sí àpò.

Oṣù mẹ́fà pé, kò sí nǹkan kan. Lẹ́tà ló ń wá sórí fóònù mi. Ọkùnrin náà máa ń kọ ọ́ sí gbogbo àwa tá a dáwó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Ẹ̀yin ẹbí wa." Ẹ wo ìranù. Ẹbí ta ni? Oṣù yìí, ó ní òun ń tún ọwọ́ ẹ̀rọ náà ṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e, irin gbówó lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́ fún oṣù méjì gbáko, ìgbà tó sì máa yọjú, àwòrán ara rẹ̀ ló gbé jáde níbi tí wọ́n ti ń fún un ní ife ẹ̀yẹ fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì rí. Ó wọ agbádá funfun. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ranjú mọ́ àwòrán náà débi pé ojú ń ta mí.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí Àtàn, bí lẹ́tà bá sì ti wọlé, èmi ni mo ń kà á fún wọn, nítorí màmá mi ò mọ̀wé kà. Àwọn obìnrin náà sọ mí ní ìyàwó ẹlẹ́rọ. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni wọ́n á ti pariwo: "Ìyàwó ẹlẹ́rọ, ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti rí irin rà?" Màmá mi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan tí wọ́n ń sìn mí lọ sójú títì, wọ́n dúró, wọn ò wo ojú mi. "Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ò ní tàn wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì yí padà sílé.  Ọjọ́ yẹn ni mo búra.

Iṣẹ́ mi nìyí, kí ẹ lè mọ bí Ọlọ́run ṣe fi í lé mi lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ike kan ní Sango ni mo wà. A ò ní ọjà tiwa; àwọn oníbàárà ló ń gbé irin ńlá wá, èyí tá à ń pè ní móòdù, a ó yọ́ ike, a ó fún un sínú móòdù yẹn, ike á sì gba àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe jáde, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Èmi ni kíúsíì, èmi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dára, màá tẹ sítíkà àwọ̀ ewé mọ́ páálí rẹ̀, ó ń lọ nìyẹn. Bí kò bá dára, sítíkà pupa. Páálí tí sítíkà pupa bá wà lára rẹ̀ kò lè jáde ní géètì, bí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gbé e. Èyí tó tún wá le jù ni pé oníbàárà tó bá gba sítíkà pupa máa ń pàdánù ipò rẹ̀ lórí ìlà. Wọ́n á yọ móòdù rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ti ẹlòmíì sí i, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó tún kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, wọ́n gbé ike tuntun kan wá sórí tábìlì mi. Ìdérí ni, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ewé ẹ̀gẹ́ kan sì wà lára rẹ̀ tó yọ síta díẹ̀.  Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo ti rí ewé yẹn lórí gbogbo lẹ́tà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní "Ẹ̀yin ẹbí wa". Mo lọ sínú ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àlájà ń wá ilẹ̀kùn tá a lè lọ jókòó sí. Ọkùnrin náà ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí tèmi.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó kéré ju bó ṣe rí nínú fídíò lọ, bàtà rẹ̀ sì ti jẹ ní gìgísẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí," ó wí. "Ẹ káàbọ̀, sà," ni mo fi dá a lóhùn. Kò mọ̀ mí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ mí? Ọ̀kan lásán nínú ẹbí ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sítíkà àkọ́kọ́ bó ṣe rí. Ìdérí yẹn ló ń dáàbò bo ìka ẹni tó bá ń yí ẹ̀rọ náà kúrò lọ́wọ́ irin tó ń họ èèpo. Mo gbé irin òṣùwọ̀n lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà iṣẹ́ ṣe wí, ó sì là létí. Mo gbé òmíràn, ó là. Sítíkà pupa. Ó tọ́, ó tọ́ pátápátá, ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò mi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ẹni tó ń ṣe ohun tó tọ́ dùn lọ. Nígbà tó bi mí pé ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà, ohùn tí òun fi ń kọ lẹ́tà sí wa gan-an ni mo fi dá a lóhùn: "Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, sà. À ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀."

Ìgbà kejì, wọ́n ti tún móòdù náà ṣe. Mo gbé òṣùwọ̀n lé ìdérí, kò là. Mo gorí rẹ̀ fúnra mi, mo fo sókè lórí rẹ̀, ọkùnrin náà ń wò mí bí ẹni pé kí ni mò ń ṣe. Ike náà le. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ni mo bá gbé e jáde sínú oòrùn, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ tá a gbé kọ́ ara ògiri, mo sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ pọ́n ju ti àpẹẹrẹ lọ. Díẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń ta aṣọ lè má rí i. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé àwọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, mo sì ní ìwé lọ́wọ́. Súpábáísọ̀ mi, ará Delta kan tó fẹ́ràn àlàáfíà, fi pijin bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Sítíkà pupa.

Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mò ń sùn dáadáa. Mi ò bú u mọ́ tí mo bá ń fọ ẹnu, nítorí mo ti ń fi ọwọ́ mi ṣe ohun tí mo máa ń fi ẹnu ṣe.

Sátidé dé, mo lọ sí Àtàn. Lẹ́tà tuntun ti wọlé nígbà tí mo wà lọ́nà, mi ò sì tíì ṣí i wò. Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí mo ṣe máa ń kà, kí ojú mi tó ṣáájú ẹnu mi:

"Ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ̀rọ yín ì bá ti dé ọwọ́ yín báyìí. Ohun gbogbo tó kù ti pé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń yẹ iṣẹ́ wò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá wa ṣe ike rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ nígbà méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́."

Gbogbo wọn gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. 

"Ẹnì kan?" ni màmá mi wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó lé e?"

"Aṣebi ni," Àlájà wí. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀ lásán. Aṣebi ni."

Ẹni tó bá mọ ìlú wa lónìí mọ ohun tó kàn. Ìjọ tí màmá mi ń lọ lójú ọ̀nà Ìdíròkò kì í bá ọ̀tá ṣàwàdà. Màmá mi nàró, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n ní kí gbogbo wa dìde. A dìde. Àlájà náà dìde, nítorí ní Àtàn, kò sí ẹni tó ń bi èpè pé ẹ̀sìn wo lo ń ṣe. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Olúwa," màmá mi wí, "ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ wa, gbé e dìde!"

"Àmín!"

"Ẹni tó ń fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà láàárín wa, tó sọ ọ́ di onírọ́, Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, àwa ò mọ̀ ọ́n!"

"Àmín!"

"Fọwọ́ kàn án, Bàbá. Má pa á o. Fọwọ́ kàn án níbi tó ti máa dùn ún jù láyé!"

Àmín wọn mi páànù. Tèmi ò jáde. Màmá mi la ojú kan láàárín àdúrà, wọ́n fi ojú kan náà wò mí. "Mi ò gbọ́ tìẹ o."

"Àmín, mà," ni mo wí, mo sì pariwo rẹ̀ kó lè tó.

Mo pinnu lórí ọ̀kadà tí mo gùn padà sí Sango pé ó tó. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì í. Mo kàn fẹ́ kí àwọn obìnrin náà rí ẹ̀rọ wọn gbà, kí èmi sì máa bá ìbínú mi lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó tún kàn án lórí ìlà, mo ti bó sítíkà àwọ̀ ewé kúrò lára bébà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ike dé. Ó wà lórí ìka mi. Àwọ̀ ti dọ́gba. Ìdérí le. Gbogbo rẹ̀ dára.

Ọkùnrin náà wọlé lọ́jọ́ yẹn láìṣe pé wọ́n pè é. Ó fa àga, ó jókòó sí iwájú tábìlì mi. Ó ti rù. Ká ní ó dákẹ́ ni. Ká ní ó kàn kí mi, kó sì máa wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó ní:

"Àǹtí, ẹ̀yin ń gba owó oṣù yín ní tiyín. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára àwọn tó ń dúró de nǹkan yìí."

Èmi. Èmi ni mi ò lè mọ̀.  Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀, kí n gbé fóònù síwájú rẹ̀, kí n ní, "Wò mí dáadáa, ẹbí ẹ ni mí." Ì bá tán síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ìdérí kan, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi ìka wá a títí mo fi rí ojú kan, níbi tí ike ti rọra ṣe funfun, kò tó ìdajì ẹyọ ẹ̀wà, ní abẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí títí ayé. Mo fi hàn án. Mo bọ́ ti àwọ̀ ewé dànù, mo tẹ pupa mọ́ páálí lójú rẹ̀.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó ń nù ún, kò sì wò mí. Ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ kó yé yín pé ó dùn mọ́ mi gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo ra ẹran méjì sí oúnjẹ mi, èmi tí mi kì í ra ju ọ̀kan lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù Àlájà wọlé nígbà tá a wà ní ìsinmi ọ̀sán. Àlájà kì í pè mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní ọsibítù ní Ọ̀tà, kí n má sáré, kò sí ẹni tó kú. Ọ̀bẹ ló yọ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, àtàǹpàkò màmá mi kò ká, wọ́n sì fi ọwọ́ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀gẹ́ mú. Ọ̀bẹ wọlé láàárín àtàǹpàkò àti àtẹ́lẹwọ́. Dọ́kítà rán an, ó rán an dáadáa, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé iṣan tó ń ká ìka náà ti já, àti pé bí wọ́n tilẹ̀ so ó, kò dájú pé ọwọ́ náà lè di nǹkan mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sì di nǹkan mú mọ́. Àtàǹpàkò náà dúró gbọnrangandan títí di òní, bí ẹni ń júwe ọ̀nà.

Mi ò sọ pé àdúrà ló ṣe é. Ọ̀bẹ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ká ní mo gba ike ìgbà kejì, ẹ̀rọ ì bá ti wà lábẹ́ páànù yẹn lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ọ̀bẹ ì bá sì ti wà nínú agbọ̀n.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo gbìyànjú láti dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi. Mo gbìyànjú gan-an. Ó jẹ̀bi náà, ẹ má ṣe gbàgbé: oṣù mẹ́fà tó sọ di ọdún, ife ẹ̀yẹ, agbádá funfun. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ lọ́kàn mi, mo ń fẹ́ iná sí i, kò jó. Màmá mi jí, wọ́n wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. "Ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ yẹn ló ṣe mí báyìí," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run ò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀." Mo ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí wọ́n sinmi.

Ìgbà kẹrin, mo yẹ ike náà wò bó ṣe yẹ, mo sì tẹ àwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi sú mi. 

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tó fi gbé ẹ̀rọ wá sí Àtàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fún àwọn tó wà nítòsí Ọ̀tà, nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n yá a. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó ń ka orúkọ ẹni tó dáwó. Orúkọ mi ni. Mo jáde láti inú àgọ́. Ó wo bébà, ó wò mí, ó tún wo bébà. Mo rí i nígbà tó yé e. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì pa á dé. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ kó kùnà tó, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ agbọ̀n kan sí i, Àlájà bu omi, wọ́n yí i, nígbà tí wọ́n máa ṣí i, ẹ̀gẹ́ ti bó, ó funfun. Àlájà jó yí i ká. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe àwọn ará Alápòti wá wò ó. Ìyàwó ẹlẹ́rọ tún ni wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yìí, ìyìn ni. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ títí di ọ̀sán ń parí kí ooru tó mú báyìí. Màmá mi náà yí i díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi yí i. Ti òsì wà lórí itan wọn, àtàǹpàkò rẹ̀ nà síta lórí ìró.

Wọ́n ní kí ọkùnrin náà sún mọ́ àwọn. Ó lóṣòó síwájú wọn, bí ọmọ ṣe ń ṣe.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ọlọ́run á bù kún ẹ. O pẹ́, ṣùgbọ́n o dé." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni yẹn ńkọ́? Ẹni tó jókòó lé e nílé iṣẹ́ ọ̀hún. Ṣé Ọlọ́run ti mú un?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí.  Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú pé kó sọ ọ́, nítorí tó bá sọ ọ́, màá tún rí ohun tí mo lè kórìíra rẹ̀ fún. Ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó bọ́ sórí ọwọ́ màmá mi, sórí àtàǹpàkò tó nà síta yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti mú un, mà," ó wí. "Ó mú un dáadáa."

"Àmín!" ni gbogbo àgọ́ dá a lóhùn.

Màmá mi yíjú sí mi. "Mi ò gbọ́ tìẹ o."

"Àmín, mà," ni mo wí.